Ariwo ni àbí orin? Ẹ wá sọ ohun tí ohùn àwọn akọrin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ti fi ojú yín rí

Awakọ̀ Òru:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ ká fi fújì àti jùjú sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Rọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ ká sọ lónìí, ti àwọn òyìnbó onírun gígùn àtijọ́. Ẹ má tíì bú mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Birmingham ni mò ń gbé, ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà lóru. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, wọ́n fi mí ti bàbá òyìnbó kan pé kó mú mi mọ ọ̀nà. Aston ni wọ́n ti bí i, àdúgbò tí Ozzy Osbourne, akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Black Sabbath, náà ti jáde. Aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń gbéra, a jọ ń jókòó níwájú ọkọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, rédíò rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ojúkò kan: rọ́ọ̀kì àtijọ́ ni wọ́n ń lù níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bàbá yìí ní eré kan. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, tí akọrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, á yí rédíò wálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ta nìyẹn?" Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, èmi ni màá ra tíì níbi ìsinmi tó kàn.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ra tíì. Létí tèmi, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn, ariwo kan náà ni wọ́n ń pa. Orin Àyìnlá Ọmọwúrà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, kí ni mo fẹ́ fi igbe òyìnbó ṣe?

Ó wá di òru ọjọ́ kan lójú ọ̀nà M6, òjò ń rọ̀, èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀. Orin kan bẹ̀rẹ̀, gìtá rẹ̀ wúwo bí ẹni ń wọ́ páànù lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Kí bàbá tó béèrè, mo ní, "Ozzy." Ó yíjú sí mi, ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo ní ohùn yẹn kì í gbọ̀n. Bó ṣe gbé e síta náà ló ń lọ, tẹ́ẹ́rẹ́, gbọọrọ, bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò, ibi tí gìtá bá sì gbà lòun náà ń gbà. Ẹ rí bí onílù àpàlà ṣe máa ń gba gbólóhùn lẹ́nu akọrin, tí á fi gángan sọ ọ́ tán bó ṣe rí gan-an? Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Bàbá ló ra tíì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún fi bisikíìtì lé e.

Láti ìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi tọkàntọkàn. Ó ní ọdún 1979 ni Black Sabbath lé Ozzy, tí wọ́n sì mú ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ronnie James Dio wọlé. Gìtá Tony Iommi ṣì wà níbẹ̀, báàsì Geezer Butler ṣì wà níbẹ̀, akọrin nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ó lu ti Ozzy fún mi, ó lu ti Dio tẹ̀ lé e. Bíi pé wọ́n ká òrùlé kúrò lórí ilé ni! Ozzy máa ń bá gìtá rìn, Dio ní tirẹ̀ á jẹ́ kí gìtá máa lọ nísàlẹ̀, òun á máa fò lókè. Ènìyàn kúkúrú ni Dio, àmọ́ ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Fèrè ló ń fọn ní kékeré, ó sì máa ń sọ pé fèrè yẹn ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń mí. Bó bá fẹ́ parí gbólóhùn, á fi ohùn náà sílẹ̀ kó gùn, á wá jẹ́ kó gbọ̀n díẹ̀ kó tó gé e, bí ládàánì ṣe máa ń fa ìparí ìpè ìrun. Kò tún sí ẹni tó lè fi ọ̀kan tan mí jẹ fún ìkejì mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 2025 tí Ozzy kọrin ìkẹyìn ní Villa Park, lórí fóònù bàbá la ti wò ó. Orí ìtẹ́ dúdú ńlá kan ló jókòó sí, àìsàn Parkinson ò jẹ́ kó lè dìde. Ohùn náà ti rẹ̀, ó ń yẹ̀ níbi tó ga. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Bàbá ò tan rédíò lóru ọjọ́ yẹn.

Ó ku tiyín. Ohùn ta lẹ fi etí ara yín dá mọ̀, kí ló sì fojú yín rí kí ẹ tó mọ̀ ọ́n?


Ọmọ Àyìnlá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ oúnjẹ òyìnbó yó tán, ẹ tún wá fẹ́ fi etí òyìnbó gbọ́ orin. Èwo nínú wọn ló lè bá Alhaji Àyìnlá dúró lójú agbo kó má sá lọ? Màá ṣáà máa kà á lọ.


Bàbá Àwo:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ Ọmọ Àyìnlá, fi ara balẹ̀. Rọ́ọ̀kì kì í ṣe àlejò l'Ékòó rárá. Kí wọ́n tó bí ọ ni àwọn ọmọ BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Èkó, ti ń fi gìtá olóhùn fífọ́ ya wá létí. Ginger Baker, òyìnbó tó lu ìlù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream, kó ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà. Lọ́dún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles àtijọ́, àti ìyàwó rẹ̀ wá gba orin sílẹ̀ ní ilé EMI ní Apapa, Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ wá jí orin adúláwọ̀ kó lọ. Apapa là ń gbé nígbà náà. Mi ò rí McCartney sójú o, n kò ní purọ́. Àmọ́ mo rí àwo.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń kó àwo wọlé, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ebúté. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé àwo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Deep Purple wá, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Japan ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972. Ó gbé e sórí rédíógíráàmù bàbá wa láìtọrọ àyè, torí bàbá wa wà nínú balùwẹ̀. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, dùùrù díẹ̀, ohùn díẹ̀, bí orin ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n mi ń yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, akọrin náà, Ian Gillan, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó gòkè, ó tún gòkè, àfi bíi pé ẹnì kan ń tẹ ológbò ní ìrù.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí gbàà! Bàbá wa sáré jáde, táwẹ́ẹ̀lì ní ìbàdí, ọṣẹ ní gbogbo orí, ó ń nu ojú, ó ń pariwo pé, "Ta ló kú? Ta ló kú nínú ilé yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ò lè fọhùn, ó kàn na ìka sí rédíógíráàmù. Bàbá wo àwo náà bó ṣe ń yí. Èmi ti fara pamọ́ sẹ́yìn àga, mò ń retí ìgbátí.

Ẹ wò ó, bàbá wa ti wà nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, ìgbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà ní tírébù títí ó fi di tẹ́nọ̀. Ó jókòó sórí apá àga pẹ̀lú ọṣẹ lórí, ó ní, "Dá a padà." Ẹ̀gbọ́n mi gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn. Bàbá tẹ́tí sí igbe náà dópin. Ó ní, "Ọmọ yìí ò fi ọ̀fun ké. Ohùn orí nìyẹn. Ẹ gbọ́, kò há. Ẹni tó bá ń fi ọ̀fun ké yóò ti wúkọ́ kó tó débẹ̀." Ó padà lọ ṣan ọṣẹ rẹ̀.

Bó ṣe di pé òun náà ń bá wa gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí àwo ẹgbẹ́ Led Zeppelin dé, ó ní ti Robert Plant, akọrin wọn, yàtọ̀, ó ní, "Ọgbẹ́ wà lára èyí." Mo sì rò ó títí mo fi gbà fún un. Igbe Gillan mọ́, ó gún régé, ó dà bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Plant kì í lọ tààrà. Á rọra gun ohùn, á yọ̀ nínú rẹ̀, á jẹ́ kó fọ́ láàárín, á kérora, á tún bá gìtá Jimmy Page jiyàn, kí gìtá sọ ọ̀rọ̀, kí òun fi ẹnu sín in jẹ. Ẹ̀yìn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ń kọ blúùsì ló tọ̀ tó fi kọ́ ọ, Robert Johnson, Howlin' Wolf, kò sì fi pamọ́.

Igbe "wúù" tí McCartney náà máa ń han nínú orin Beatles, ọ̀dọ̀ Little Richard ló ti kọ́ ọ. Little Richard fúnra rẹ̀ sì sọ pé ọ̀dọ̀ Marion Williams lòun ti mú un, obìnrin akọrin ìyìn Ọlọ́run. Ṣẹ́ ẹ rí i, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni igbe náà ti jáde.


Ìyá Kọ́yà:

Bàbá Àwo, ẹ kú ìrántí o, mo fẹ́ kú ẹ̀rín nídìí ọ̀rọ̀ táwẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ "kò fi ọ̀fun ké" tí bàbá wa sọ yẹn, èmi fi ara san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

London ni mo wà, èmi ni mò ń darí kọ́yà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún àbúrò ọkọ mi, wọ́n gbé kàrókè wá. Wọ́n ní kí èmi "Àǹtí Olórin" bọ́ síta. Orin Tina Turner ni mo mú. Ó lọ dáadáa, wọ́n ń ná mi lówó. Orí mi wú. Mo bá tún mú ti Janis Joplin, ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí ohùn mi fọ́ bíi tirẹ̀, mo bá ń fún ọ̀fun pọ̀, mo ń tì í. Ó ń ta mí, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo la ẹnu kí n kí ọkọ mi, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Bébà àti bírò ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi wí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú mi wọlé, ó sì yí tẹlifíṣọ̀n sí mi kí n wò ó. Tán-án-ná mi, ohun méjì funfun tó máa ń lura wọn nínú gògóńgò tí ohùn fi ń jáde. Kókó kékeré kọ̀ọ̀kan wà lórí méjèèjì, wọ́n kọjú síra wọn gan-an. Ó ní bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń roko ṣe máa ń le ló ṣe le.

Obìnrin tó ń tọ́jú ohùn ni wọ́n wá fi mí lé lọ́wọ́. Ife omi àti sítírọ́ọ̀ ló gbé fún mi. Ó ní kí n ki sítírọ́ọ̀ bọ omi, kí n máa kùn sínú rẹ̀ kó máa hó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni. Nígbà tí kókó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé irọ́ wá ni ohùn fífọ́ tí Tina ń kọ? Ó ní rárá o. Ó ní ẹran mìíràn wà lókè tán-án-ná, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹran òkè yẹn ni wọ́n máa ń jẹ́ kó gbọ̀n kí ohùn tó há bẹ́ẹ̀. Tán-án-ná fúnra rẹ̀ á máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀ láìsí wàhálà. Èmi ti lọ fi ìsàlẹ̀ lura wọn bí ẹni ń fọ aṣọ lórí òkúta.

Láti ìgbà yẹn, etí mìíràn ni mo fi ń gbọ́ àwọn obìnrin méjèèjì. Tina, ọmọ abúlé Nutbush ní Tennessee, inú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: nígbà tó bá rọra ń kọ nísàlẹ̀, ohùn náà nípọn, ó mọ́. Ohùn fífọ́ háháhá yẹn, ìgbà tó bá fẹ́ ló máa ń gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù, ìgbà tó bá fẹ́ náà ló máa ń bọ́ ọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ló ṣe ìrìn-àjò orin rẹ̀ ìkẹyìn lọ́dún 2009, ó ń jó, ó ń ké, nínú bàtà gogoro. Janis ní tirẹ̀ kì í fi nǹkan kan pamọ́ de ọ̀la. Láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò ti máa fa aṣọ ya. Nígbà míì, ohùn méjì á jọ jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan ń ké, ọ̀kan ń ráhùn. Ọdún 1967 ni ayé mọ̀ ọ́n ní Monterey, oṣù Kẹwàá ọdún 1970 ló kú, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ẹni tó lè sọ bí ọ̀fun yẹn ìbá ṣe rí ní ọgọ́ta ọdún.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń bá a sọ nínú ọkàn mi ṣá. Bessie Smith, aṣáájú àwọn obìnrin tó ń kọ blúùsì, kú lọ́dún 1937, sàréè rẹ̀ ò sì ní òkúta. Janis wà lára àwọn méjì tó dá owó òkúta náà lọ́dún 1970, oṣù méjì kí òun náà tó kú. Ó mọ ilé tí ohùn rẹ̀ ti wá.


Ọmọ Àyìnlá:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ti ń rọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé òótọ́ ni pé Freddie Mercury yẹn, akọrin ẹgbẹ́ Queen, ọmọ Áfíríkà ni?


Onímaìkì:

Ọmọ Zanzibar ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946, Farrokh Bulsara lorúkọ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà Parsi láti Íńdíà. Íńdíà ló ti kàwé ní kékeré, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ló dé England. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá o, mo mọ̀ yín.

Houston ni mo wà, iṣẹ́ ẹ̀rọ amóhùndún-ùn-gbámú ni mò ń ṣe. Ilé ọtí kan wà tí wọ́n máa ń pe àwọn tó ń sín olórin ńlá jẹ. Alẹ́ ọjọ́ kan, mẹ́ta ni wọ́n pè pọ̀: ẹni tó ń ṣe Mercury, ẹni tó ń ṣe Brian Johnson ti AC/DC, àti ẹni tó ń ṣe Steve Perry ti Journey. Máìkì kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọwọ́ mi kan náà.

Ti AC/DC ló kọ́kọ́ gòkè. Mo ti fa bọ́tìnnì rẹ̀ wálẹ̀ sílẹ̀, mo ní ọkùnrin yìí máa fọ́ mi létí. Ó la ẹnu, ohùn bí ayùn lórí irin, gbogbo ilé ọtí fò sókè. Mo wo iná tó ń sọ bí ohùn ṣe tóbi tó lórí ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ dé ìdajì! Mo rò pé wáyà ló já. Mo sún mọ́ orí ìtàgé, mo yọ owú kúrò létí: ọkùnrin yìí ò pariwo. Bí ẹni ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn ní kíṣìnì ló ṣe ń kọ ọ́. Gbogbo agbára yẹn, inú háháhá ló wà, máìkì ló ń gbé e tóbi. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo bi í léèrè. Ó ní bí òun bá fi agbára ké e, orin mẹ́ta péré ni ohùn òun máa gbé, orin ogún ló sì wà níwájú òun. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kọ́yà gan-an nìyẹn.

Ó tún sọ pé Bon Scott, ẹni tó ń kọrin fún wọn kí Johnson tó dé, ni òun ò lè ṣe. Ó ní ti Johnson, ọ̀nà kan ni, tí ẹ bá ti mọ ọ̀nà náà ẹ dé. Bon Scott máa ń rẹ́rìn-ín nínú ohùn, á dà bí ẹni fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí kò dáa fún ọ. Báwo lo ṣe fẹ́ kọ́ ẹ̀rín?

Ẹni tó ṣe Mercury kò jẹ́ kí ọwọ́ mi sinmi. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ó lè bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ ìkókó létí, kó parí rẹ̀ bí aṣíwájú ogun. Àmọ́ ó mọ máìkì lò: bó bá fẹ́ bú jáde, á ti gbé e jìnnà sẹ́nu. Mercury fúnra rẹ̀, ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ wálẹ̀, ó sún mọ́ ti oníbáàsì, òkè tẹ́nọ̀ ló sì ń gbé lórí ìtàgé. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù yẹ ohùn rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n yá ju ti àwọn akọrin yòókù lọ, kò sì gún. Wọ́n ní kí akọrin rọ́ọ̀kì kan sín in jẹ, wọ́n ki kámẹ́rà tó ń ya ju àwòrán 4,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹran òkè tán-án-ná tí Ìyá Kọ́yà sọ náà ni wọ́n rí tó ń gbọ̀n. Eyín Mercury tó yọ síta ńkọ́? Mẹ́rin ló lé lẹ́yìn ẹnu rẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n torí ẹ̀rù ń bà á pé ohùn òun lè yí padà.

Ẹ lọ wo Mercury níbi Live Aid, àpéjọ orin ńlá tí wọ́n fi kó owó ìrànwọ́ jọ, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 1985, ní Wembley. Ó dúró nìkan, ó ń lé ohùn láìsí ọ̀rọ̀, gbogbo pápá ń gbè é. Á lé èyí tó rọrùn, wọ́n á gbè é. Á lé èyí tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n á tún gbè é. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i kò ní nílò àlàyé.

Ti Steve Perry tó gòkè kẹ́yìn, kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ti bá a fa gbogbo gìtá wálẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, síbẹ̀ ó fọ́ lórí orin kejì. Ohùn yẹn kò ní ibi tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí, kò sí háháhá, kò sí igbe, dídùn ni látòkè délẹ̀. Sam Cooke ni Perry tẹ̀ lé. Nígbà tí Journey ń wá ẹni tó lè ṣe é lọ́dún 2007, orí YouTube ni wọ́n ti rí Arnel Pineda, ọmọ Philippines tó ń kọ orin ẹlòmíràn ní ilé ọtí ní Manila. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó bá ń kanra mọ́ iṣẹ́ ilé ọtí.


Ìyá Kọ́yà:

Onímaìkì, Ọlọ́run bù kún ẹ. Màá lu ọ̀rọ̀ "kò dé ìdajì" yẹn mọ́ ògiri yàrá ìgbáradì wa.

Bàbá Àwo, ẹ má bínú sí mi, Robert Plant yín tí ẹ ń pọ́n, ohùn yẹn ti lọ tipẹ́.


Bàbá Àwo:

Ta ló sọ fún ọ? Ó sọ̀ kalẹ̀ ni, kò lọ. Gbọ́ àwo tí òun àti Alison Krauss, akọrin obìnrin ará Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 2007. Kò ké lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kọ bí ẹni jókòó sẹ́bàá ààrò, ó ń fún obìnrin yẹn láyè, ó ń dúró dè é. Lọ́dún 2003, ó ti lọ bá àwọn Tuareg kọrin nínú aṣálẹ̀ ní Mali. Ọkùnrin tó ń ké bí ẹyẹ àṣá ní ogún ọdún, bó bá ṣì ń ké bẹ́ẹ̀ ní ọgọ́ta, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.


Ìyá Kọ́yà:

Mo ti gbọ́, sà. Màá lù ú fún àwọn bàbá tẹ́nọ̀ wa, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin tí wọn ò gbà láti lọ sí báàsì. Bóyá wọ́n á gbọ́ ti òyìnbó.


Ọmọ Àyìnlá:

Mo lọ gbọ́ gbogbo wọn láàárọ̀ yìí. Bon Scott yẹn mú mi. Ó ní ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, ó sì ní ìjà nínú, bíi ti ọ̀gá mi. Mo wá wo ọdún tó kú: oṣù Kejì ọdún 1980. Àyìnlá, oṣù Karùn-ún ọdún 1980. John Bonham tó ń lu ìlù fún Led Zeppelin, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980. Ọdún burúkú.


Awakọ̀ Òru:

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ka ìtàn táwẹ́ẹ̀lì sókè fún bàbá òyìnbó mi, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun náà rántí bí ìyá òun ṣe ju bàtà lu ẹ̀rọ nítorí Gillan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó fẹ̀yìn tì, mo bá ní kí a yí eré padà. Mo so fóònù mi mọ́ rédíò ọkọ̀. Mo lu Haruna Ishola, mo lu Àyìnlá tẹ̀ lé e, mo ní àpàlà ni méjèèjì, akọrin ló yàtọ̀, ta ni ta ni? Ó ní ẹnì kan náà ni, ó ní ìlù nìkan lòun ń gbọ́. Ó ra tíì. Ní òru kejì, ó ra tíì. Òru kẹta, kẹrin, ó ń ra tíì, ó ń kùn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, a ti kọjá Stafford, mo lu ọ̀kan láìsọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó yí i wálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó tẹ́tí. Ó ní, "Èyí jókòó. Kò kánjú, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Haruna." Mo ní òun ni. Ó ní kí n wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíì, ṣúgà méjì lòun ń mu.